Láti Èbúté-Mẹ́ta dé Jos: Ìrìnàjò sí Àwọn Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Fíìmù

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń di ẹni tó mọ iṣẹ́ fíìmù ṣe ní Nàìjíríà. Àwọn kan gba fọ́ọ̀mù, wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ọ̀gá ló pẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré tí gbogbo ilé mọ̀ ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ń lé e bọ̀, pàápàá láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì gba ipò rẹ̀, kò sì dájú pé yóò gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, kí ó wọ mọ́tò lọ sí Ifẹ̀ àti Òkè-Ògùn, kí ó tó wá gba ọ̀nà jíjìn gòkè lọ sí Jos, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù tirẹ̀ sí.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun náà ń gbéra ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Alágoméjì. Eré kì í ṣe àlejò ní àdúgbò yìí. Ní Èbúté-Mẹ́ta ni òpópónà Odunfa wà, tí àwọn òṣèré tí wọ́n ń pè ní Odunfa Caucus ti mú orúkọ, àwọn tí Yínká Quadri àti Táíwò Hassan tí ayé mọ̀ sí Ògògó wà lára òpó wọn. Kọ́kọ́ọ̀sì ni àwọn òṣèré ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà sì ni. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe eré yóò wá ọ̀gá kan, yóò san owó ìforúkọsílẹ̀, yóò sì máa wá sí rìhásà. Yóò gbálẹ̀, yóò to àga, yóò bá ọ̀gá gbé àpótí aṣọ, yóò sáré lọ ra oúnjẹ fún àwọn àgbà òṣèré. Bó bá ṣe é ní oríire, wọ́n á fún un ní wákà-páàsì: kí ó gbé àwo kọjá lẹ́yìn ọba, kí ó má sì la ẹnu. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kọjá bẹ́ẹ̀ kí fríìdọ̀m tó dé, ọjọ́ tí ọ̀gá yóò ṣàdúrà fún un níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún télọ̀ àti mẹkáníìkì.

Ètò yìí ti wà kí fíìmù tó dé. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, nígbà tó sì fi máa di 1980 sí i, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé eré káàkiri ìlú ti lé ní 100. Ọ̀gá ló ni ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ ló wà lára mọ́tò, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì máa ń wà nínú eré. Fídíò ló da ètò náà rú ní ìparí àwọn ọdún 1980. Kámẹ́rà rọjú ju ti sẹ́lúlọ́ìdì lọ, kò sì pẹ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá lè rí owó kó jọ fi ń gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, tó fi ń di ọ̀gá lójijì. Ọ̀pọ̀ èébú ni wọ́n ti bu fún àṣà yẹn, ṣùgbọ́n láìsí i, àwọn fíìmù Yorùbá tó kún ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e kì bá tí sí.

Ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀gá ń kọ́ni dáadáa ni eré ṣíṣe, ìfaradà, àti bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ni kámẹ́rà, iná àti ohùn, nítorí ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa ń háyà àwọn tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tí ó bá dé lokéṣọ̀n fíìmù kan ní Ìkòròdú tàbí Ìkẹjà yóò rí i pé iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ju àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lọ dáadáa. Olùdarí wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbákejì rẹ̀. Oníkámẹ́rà ní ẹni tó ń bá a gbé lẹ́ńsì àti ẹni tó ń bá a wo fókọ́ọ̀sì. Ẹni kan gbé máìkì sórí ọ̀pá gígùn, ẹnì kejì fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn há etí. Àwọn oníná ń fa wáyà lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́jú aṣọ, àwọn mìíràn ń kunni lójú, ẹnì kan sì jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ pé fìlà tí bàbá náà dé gẹ̀ sápá òsì ní àná kò yí sí ọ̀tún lónìí. Ibi tí iṣẹ́ wà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe níwájú kámẹ́rà, níbi tí èrò ti pọ̀ ju àyè lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n ní Èkó. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà eré, ìdánwò JAMB ni ọ̀nà ibẹ̀, ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá sì gbọ́dọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀. Ọdún mẹ́rin ni dígírì ń gbà. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé orí ìtàgé ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́rin yẹn. Ọmọ lè ka gbogbo eré Wọlé Ṣóyinká tán, kí ó mọ ìtàn alárìnjó láti ayé Ọ̀yọ́ ilé, síbẹ̀ kí ó má tíì so máìkì mọ́ aṣọ òṣèré rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tilẹ̀ yan ẹ̀ka náà fúnra wọn: Òfin ni wọ́n fi sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wọn kò tó, yunifásítì sì gbé wọn lọ sí Tíátà.

Ó yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ Òfin gan-an ló ń sá wá sínú fíìmù. Fúnkẹ́ Akíndélé gba dígírì Òfin ní Yunifásítì Èkó, Kẹ́mi Adétiba náà kà á níbẹ̀, Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì kà á ní Ìlọrin. Akíndélé ló ni fíìmù A Tribe Called Judah, Adétiba ló ṣe King of Boys ní 2018, Adébáyọ̀ ló gbé Jagun Jagun jáde ní 2023. Bóyá nítorí pé ẹni tó ti kọ́ bí a ti ń ka àdéhùn kì í tètè fọwọ́ sí ìwékíwèé ni. Iṣẹ́ fíìmù kún fún àdéhùn, ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ kò sì tó nǹkan nínú ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ fíìmù, ti ìjọba tàbí ti aládàáni.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti gbìyànjú láti dí àyè tí yunifásítì fi sílẹ̀. Wálé Adénúgà, ẹni tó ni ìwé àwòrán ẹ̀rín Ikebe Super kí ó tó ṣe Super Story fún tẹlifíṣọ̀n, dá ilé ẹ̀kọ́ PEFTI sílẹ̀ ní 2004. Kúnlé Afọláyan náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó. Oṣù mélòó kan ni kọ́ọ̀sì irú ibẹ̀ máa ń gbà, lílo irinṣẹ́ ló sì ká wọn lára ju ìwé kíkà lọ. Owó wọn kò rọjú. Méjì wà tí kò gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. MultiChoice bẹ̀rẹ̀ Talent Factory ní 2018, níbi tí wọ́n ti ń mú ogún ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n ń kọ́ wọn fún ọdún kan, tí Yunifásítì Pan-Atlantic sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Èkejì ni EbonyLife Creative Academy tí Mo Abudu dá sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, nítorí náà ogunlọ́gọ̀ ló ń du àyè díẹ̀. Fíìmù kúkúrú ìṣẹ́jú márùn-ún tó dára, tí ọmọ fi fóònù yà, máa ń ràn án lọ́wọ́ ju lẹ́tà gígùn lọ níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn gùn tó kìlómítà 157, ó sì ti ń kó èrò láti oṣù Kẹfà 2021. Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyinká, Láderin ló wà, ó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, nítorí náà takisí ni ó kù kí ènìyàn wọ̀ kí ó tó rí Àpáta Olúmọ. Ìlú yìí ló tọ́ Túndé Kèlání dàgbà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òbí àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n mú un lọ ní kékeré, Abẹ́òkúta Grammar School ló sì lọ. Ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ pé ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Fọ́tò ló kọ́kọ́ fà á. Ó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ló lọ sí London International Film School, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Covent Garden tó ti wà láti 1956. Nígbà tó padà dé, kì í ṣe olùdarí ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ń ya àwòrán fún fíìmù àwọn ẹlòmíràn. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó darí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ó Le Kú jáde ní 1997, tí Ṣaworoidẹ sì tẹ̀lé e ní 1999.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń kánjú wo ọdún wọ̀nyẹn dáadáa. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ mọ bí iná ṣe ń bọ́ sójú ènìyàn dúdú, tó mọ iye ìgbà tí òjò lè dá iṣẹ́ dúró, tó sì ti bá oríṣiríṣi olùdarí ṣiṣẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní bí a ti ń sọ ìtàn. Abẹ́òkúta kan náà ni Kèlání padà sí nígbà tó fẹ́ ṣe Àyìnlá, fíìmù 2021 lórí olórin àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà tí wọ́n pa ní ìlú náà ní 1980. Ó tún dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, Mainframe Film and Media Institute. Ìlú yìí náà ni Fúnkẹ́ Akíndélé ti gba dípúlómà nínú iṣẹ́ ìròyìn ní pólì, kí ó tó lọ ka Òfin.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ láti fi ṣáko kúrò lójú irin yóò gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí Ọ̀sọ́sà. Ọmọ ibẹ̀ ni Ògúndé, ibẹ̀ ló sì kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí nígbà tó ti inú tíátà bọ́ sínú sinimá. Fíìmù Ayé àti Jáiyésinmi ló fi ṣílẹ̀kùn. Ọgbọ́n tó wà nínú abúlé náà ni pé ohun gbogbo wà lójú kan: ilé, aṣọ, igbó, ilé ìsùn òṣèré. Ọjọ́ iṣẹ́ kan lórí sẹ́lúlọ́ìdì ń jẹ owó, kò sì sí owó ìgbéraga níbẹ̀. Ògúndé kú ní London ní 1990.

Ní Ìbàdàn, ibùdókọ̀ ń jẹ́ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Móníyà ló wà. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ìjọba Awólọ́wọ̀ ló dá WNTV sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láìsí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ìran Kèlání kì bá tí rí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kan kámẹ́rà. Yunifásítì Ìbàdàn ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ eré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣáájú ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣóyinká sì darí rẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀ka náà lókìkí lórí eré kíkọ àti ìtàgé. Ọgbà rẹ̀ dákẹ́, ìwé pọ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ní sùúrù yóò jáde gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé tó mọ ìdí tí ìran kan fi ní láti ṣáájú òmíràn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè níbẹ̀ bíi ti àwọn ẹ̀ka yòókù.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Ifẹ̀ kò gùn. Ẹ̀ka Dramatic Arts ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló tọ́ Bíyì Bándélé, ẹni tó darí Half of a Yellow Sun ní 2013, tó sì ṣe fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba kí ó tó kú ní 2022. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tó kọ Ó Le Kú àti ìtàn Ṣaworoidẹ, kọ́ni ní yunifásítì yìí fún ọdún púpọ̀. Ifẹ̀ náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ eré Kristẹni tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ Mount Zion ní 1985, láti inú ìyẹn sì ni Agbára Ńlá àti àwọn fíìmù mìíràn ti jáde tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé kiri abúlé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù Nàìjíríà kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀ka yìí sí, àṣìṣe gbáà sì ni. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó ní òǹwòran tirẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tó fi ń pín fíìmù láìgba Ìdúmọ̀tà kọjá. Ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà àti onísáwùndì ni ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́, lọ́jọ́ Sunday, lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ Ìṣọ̀lá mú iṣẹ́ kan wá sí ìrántí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé iṣẹ́ fíìmù ni. Fíìmù Yorùbá gbọ́dọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán kí ará Kánò tàbí ará Kẹ́ńyà tó lè wò ó. Fún ọdún púpọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ ní alẹ́ tó kù kí fíìmù jáde, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ó ti sunkún. Oríkì a di àkójọ orúkọ ẹranko, òwe a di ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Netflix bẹ̀rẹ̀ sí ra fíìmù Yorùbá ni wọ́n wá ń béèrè ìtumọ̀ tó péye, tí àkókò rẹ̀ bá ohùn mu. Ẹni tó gba dígírì nínú èdè Yorùbá, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sọ ohun tí òṣèré fi ogún sọ, ní iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tún wà fún un lẹ́nu òṣèré: àwọn fíìmù ayé àtijọ́ ń béèrè ẹni tí yóò tọ́ òṣèré sọ́nà lórí ẹ̀ka èdè, ìkíni ààfin àti ìjúbà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òṣèré ni Yorùbá wọn kò kọjá ti Sùúrùlérè.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló gbé ìrìnàjò yìí lọ sí Òkè-Ògùn. Ọ̀nà gba Ìsẹ́yìn kọjá, ìlú àwọn ahunṣọ, kí ó tó dé agbègbè tí Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù tirẹ̀ sí, níbi tí ó ti ṣe Aníkúlápó tó jáde ní 2022. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí ayé mọ̀ sí Adé Love ni, bàbá náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe sinimá Yorùbá, láti Àjàní Ògún ní 1976. Ẹni tó darí Àjàní Ògún, Ọlá Balógun, Paris ló ti kọ́ṣẹ́, ní IDHEC tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù àgbà ti ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Adé Love fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ìtàgé ló ti kọ́ tirẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀nà méjì náà ti pàdé, lójú kámẹ́rà kan náà, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ṣáájú Aníkúlápó. Kúnlé ọmọ rẹ̀ wá lọ sí New York Film Academy fún kọ́ọ̀sì kúkúrú lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Níji Àkànní tó ṣe fíìmù Aramọtu, ilẹ̀ Íńdíà ló gbà lọ ní tirẹ̀.

Fíìmù tó nílò ààfin, ọjà àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ń pe iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé pẹlẹbẹ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Káfíńtà ń kan ìlẹ̀kùn àgànjù, mọlé-mọlé ń mọ ògiri amọ̀ tí kò gbọdọ̀ rí bíi tuntun, aláró ń pa aṣọ láró títí yóò fi rí bíi ti ogún ọdún, ẹni tó ni ẹṣin ń kọ́ òṣèré bí a ti ń gùn ún. Ìyá olóúnjẹ ń sè fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń dáwọ́ dúró bí fíìmù bá parí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ bí òmíràn bá dé, ṣùgbọ́n owó wọn kì í pẹ́ bíi ti àwọn òṣèré kéékèèké, nítorí káfíńtà kì í ṣiṣẹ́ láìgba àsansílẹ̀.

Láti Òkè-Ògùn sí Jos kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan fún ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn arìnrìnàjò máa ń gba Ìlọrin lọ sí Àbújá, kí wọ́n sùn, kí wọ́n tó gòkè. Ọ̀rọ̀ owó ló bá irú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀ mu, nítorí ibẹ̀ ni ìrètí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, A Tribe Called Judah di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá orílẹ̀-èdè yìí. Ìròyìn náà dùn, ó sì kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù. Ohun tí ìròyìn kì í sọ ni pé ilé sinimá a mú nǹkan bí ìdajì, ẹni tó pín in a mú tirẹ̀, owó orí wà níbẹ̀, owó ìpolówó sì ti lọ kí tíkẹ́ẹ̀tì kìíní tó tà. Gbogbo ojú ìwòran tó wà ní ilé sinimá Nàìjíríà kò tó 500 fún èrò tó lé ní igba mílíọ̀nù, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì wà ní Èkó àti Àbújá. Fíìmù mélòó kan ló lè jẹ níbẹ̀ lọ́dún.

Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun náà kò ṣeé gbára lé bí àwọn ènìyàn ti rò. Ní oṣù Kìíní 2024, Amazon dáwọ́ dúró lórí fíìmù tuntun tó ń fi owó ṣe ní Áfíríkà, àwọn tó ti fi ìwé eré wọn ránṣẹ́ sì padà sílé. YouTube ló kù fún ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá. Wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ ya fíìmù, wọ́n gbé e sórí ìkànnì ara wọn, owó ìpolówó sì ń wọlé ní dọ́là. Níbí ni Yorùbá tó wà ní London, Houston àti Dublin ti wúlò ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ: àwọn olùpolówó ń san ju ti Nàìjíríà lọ dáadáa fún ojú tó ń wòran láti ilẹ̀ wọ̀nyẹn, nítorí náà ìyá kan ní Peckham tó ń wo fíìmù nígbà tó ń gé ẹ̀fọ́ ń bọ́ oníkámẹ́rà kan ní Ìkòtún. Iṣẹ́ ń lọ déédéé lórí YouTube, ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ kéré, ọjọ́ sì gùn. Ẹdítọ̀ ló ń jàǹfààní jù níbẹ̀, nítorí ó lè ṣe ti olówó mẹ́ta pọ̀ lọ́sẹ̀ kan láti inú yàrá rẹ̀, sọ́fíwíà tó dára bíi DaVinci Resolve sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Onísáwùndì ló tẹ̀lé e. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, ohùn burúkú sì ni àbùkù tí òǹwòran kì í dárí jì. Àwọn tó bá gbọ́n máa ń fi ìgbéyàwó, ìpolówó ọjà àti iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbé ara wọn ró láàárín fíìmù kan àti èkejì.

Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, òtútù rẹ̀ sì máa ń bá ará Èkó lójijì. Ìjọba dá àjọ Nigerian Film Corporation sílẹ̀ pẹ̀lú òfin kan ní 1979, ó sì fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ síbí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹlifíṣọ̀n ti NTA, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan náà ní 1980. Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù gan-an, National Film Institute, dé ní 1995. Dípúlómà wà níbẹ̀, dígírì náà wà nípasẹ̀ àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Jos, fíìmù nìkan sì ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe fíìmù tí wọ́n so mọ́ ìdí ìtàgé. Kenneth Gyang, ọmọ agbègbè náà, ló ti ibẹ̀ jáde. Fíìmù rẹ̀ Confusion Na Wa ló gba ipò kìíní ní àmì ẹ̀yẹ AMAA ní 2013, òun náà ló sì darí Òlòtūré. Àárín Jos àti ọjà fíìmù Èkó jìnnà, ìyẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ráhùn lé lórí, nítorí ẹni tí wọ́n kò mọ̀ ní Èkó kì í rí iṣẹ́ ní Èkó. Jíjìnnà kan náà ló sì jẹ́ kí fíìmù àwọn ará Jos má fi bẹ́ẹ̀ jọ ti àwọn ará gúúsù.

Ohun kan wà ní Jos tí kò sí níbòmíràn nínú ìrìnàjò yìí: ilé ìkófíìmùpamọ́ ti ìjọba. Ìjọba ilẹ̀ wa kò tọ́jú rẹ̀ tó, ooru, eruku àti àìsí iná mànàmáná déédéé sì ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, èyí tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti sọnù. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin fún àtúnṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Láti inú ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tuntun kan ti jáde. Ní 2019, Yunifásítì Jos bẹ̀rẹ̀ máàsítàsì nínú àṣà fíìmù àti ìtọ́jú àkójọ rẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Goethe ní Frankfurt, Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń yẹ rílù wò fún òórùn ọtí kíkan tó ń fi hàn pé sẹ́lúlọ́ìdì ti ń kú, bí a ti ń nù ún, bí a ti ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, àti bí a ti ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i. Ojúlówó iṣẹ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà kò sì pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni téèpù ṣì wà ní àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ní ilé àwọn òṣèré àgbà tó ti kú, àti lábẹ́ àtẹ àwọn máàkẹ́tà Ìdúmọ̀tà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò.